Ejò Inú Omi: Bí The Essex Serpent Ṣe Di Eré Orí Amóhùnmáwòrán

Ìṣòro tó ń kojú ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn àròsọ abanilẹ́rù di eré orí amóhùnmáwòrán ni pé ọ̀rọ̀ lè fi ohun tó ń dẹ́rù bani pamọ́, ṣùgbọ́n àwòrán gbọ́dọ̀ fi nǹkan han ojú. Àpẹẹrẹ kan ni The Essex Serpent, ìwé tí Sarah Perry gbé jáde ní 2016. Ọdún 1893 ni ìtàn náà wáyé ní Aldwinter, abúlé apẹja tí òǹkọ̀wé fi inú rò ní ẹkùn Essex, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, létí omi Blackwater. Àwọn ará abúlé gbà pé ejò ńlá kan ti padà sínú omi náà. Kò sí ẹni tó rí i ní àrídájú. Ẹnu wọn gan-an ni ejò ọ̀hún ń gbé. Lẹ́tà tí Cora, opó tó fẹ́ràn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, àti Will, àlùfáà ìjọ, ń kọ síra wọn wà lára ohun tó ń tú inú wọn síta.

Anna Symon ló kọ ọ́ di eré, Clio Barnard ló darí rẹ̀. Apá 6 ni wọ́n fi hàn lórí Apple TV+ ní 2022. Iṣẹ́ tí lẹ́tà ń ṣe nínú ìwé bọ́ sójú Claire Danes àti Tom Hiddleston. Ti ejò ńkọ́? Omi, ìkùukùu àti ẹrẹ̀ ni kámẹ́rà gbájú mọ́ ju ejò lọ. Lójú tèmi, ọgbọ́n ńlá nìyí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa sáré gbé iwin jáde láti ìran kìn-ín-ní (mo ti rí iwin tó so aago mọ́wọ́ rí!), bí òǹwòran bá sì ti rí i tán, ẹ̀rù ti tán nìyẹn.

Ohun tí mo rò pé eré náà pàdánù ni ohùn asọ̀tàn, tó ń bá òǹkàwé ṣe ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ bó ti ń dẹ́rù bà á.