Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ Tí Ń Lọ́ra: Níbo Ni Ó Ti Ń Dúró?

Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé ni àwọn Yorùbá ń sọ ní Tòkunbọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, orúkọ ọmọ di orúkọ ọjà. Láti ara ọkọ̀ ó ràn mọ́ fíríìjì, láti ara fíríìjì ó ràn mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà náà sì ti ń jẹ́ ẹ báyìí. Orúkọ náà bá a mu ju bí àwọn tí ń pè é ti rò lọ. Bí ọmọ tí ó ti òkun bọ̀ ti máa ń gbé ìṣe ilé tí ó ti dàgbà wá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń gbé ọjọ́ orí àti àárẹ̀ ọ́fíìsì tí ó ti sìn wá. Ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà ti lò ó fún ọdún mélòó kan, wọ́n ra tuntun, wọ́n sì ta ògbólógbòó fún àwọn tí ń kó o sínú kọntéínà. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Basel Action Network tẹ ìròyìn kan jáde lórí àwọn ẹ̀rọ tí ń dé sí Èkó lọ́nà yìí, ó sì fi hàn pé púpọ̀ nínú wọn ni kò ṣeé lò, tí kò sì ṣeé tún ṣe mọ́. Èyí tí ó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ ni àwọn oníṣòwò ń nù, tí wọ́n ń tò síta ṣọ́ọ̀bù ní Òpópónà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, àti ní àwọn ọjà kéékèèké tí ó fara wé e káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹni tí ó rà á kò fi owó ṣòfò. Ẹ̀rọ orí tábìlì tí a ṣe fún ọ́fíìsì lágbára, ó ṣeé tú, ó sì ṣeé tún ṣe ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alágbèéká lọ. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ẹjọ́ kan náà fi ń bẹ̀rẹ̀: a tẹ bọ́tìnnì, a lọ pọn omi, a gbálẹ̀, a padà dé, kò tíì ṣí. Ọmọbìnrin tí ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Oníbàárà mẹ́ta dúró tì í lẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sílẹ̀ kí agogo mẹ́rin tó lù, àmì róbótó kan sì ń yí lójú ẹ̀rọ láìdáhùn. Ó sáré pe ẹni tí ń bá a tún ẹ̀rọ ṣe.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ yìí tún ti bẹ̀rẹ̀ o.”

“Fáírọ́ọ̀sì ni, àbúrò mi. Gbé e wá, ká fọ́máàtì ẹ̀.”

Nínú ìdáhùn yìí ni ewu wà. Fífọ́máàtì ni kí a nu dísìkì mọ́ pátápátá, kí a sì tún Windows kọ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń mú kí ẹ̀rọ yá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi gbajúmọ̀. Síbẹ̀, ó dà bí ẹni pé oníṣègùn gún àgúnmu tán kí ó tó bi aláìsàn léèrè ibi tí ń dùn ún. Bí ó bá jẹ́ pé dísìkì fúnra rẹ̀ ni ó ń kú lọ, wàhálà tí fífọ́máàtì gbé kà á lórí lè pa á tán, iṣẹ́ àṣekágbá ènìyàn mẹ́wàá yóò sì bá a lọ.

Nítorí náà, àdàkọ ni ó ṣáájú ohun gbogbo. Kí a tó yọ skúrù kan, kí a tó pa ètò kan rẹ́, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ da gbogbo fáìlì tí kò ní lè rí mọ́ bí ó bá sọnù kọ sórí dísìkì mìíràn tí ó wà lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó fáìlì láti C lọ sí D, wọ́n sì rò pé àwọn ti gbé e pamọ́. Yàrá méjì nínú ilé kan ṣoṣo ni C àti D sábà máa ń jẹ́. Bí iná bá jó ilé, yàrá méjèèjì ni yóò jó.

Lẹ́yìn àdàkọ ni ìbéèrè tí ó wà lórí àpilẹ̀kọ yìí kàn: níbo ni ẹ̀rọ ti ń dúró? Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lè là á yé ni. Ọwọ́ télọ̀ ni prósẹ́sọ̀, èyí tí ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Tábìlì tí ó ń gé aṣọ lé lórí ni RAM. Àpótí tí ó wà lẹ́yìnkùlé, tí gbogbo aṣọ oníbàárà wà nínú rẹ̀, ni dísìkì. Ọwọ́ télọ̀ lè yá bí ẹ̀fúùfù; bí tábìlì rẹ̀ bá kéré, títẹ́ àti kíká ni yóò máa ṣe; bí àpótí bá sì jìnnà, ẹsẹ̀ ni yóò fi parí ọjọ́ rẹ̀. Oníbàárà tí ó jókòó síta kò mọ gbogbo èyí. Ohun tí ó mọ̀ ni pé aṣọ òun kò yá.

Lórí Windows, bí a bá tẹ Ctrl, Shift àti Esc papọ̀, ojúùwé kan tí ń jẹ́ Task Manager yóò ṣí. Lábẹ́ Performance ni CPU, Memory àti Disk wà, olúkúlùkù pẹ̀lú ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí iṣẹ́ ti gbà lára rẹ̀. Kí a ṣe iṣẹ́ tí ó máa ń lọ́ra, kí a sì máa wò ó. Èyí tí ó bá lẹ̀ mọ́ 100 nígbà tí àwọn yòókù kò ju 10 tàbí 20 lọ, òun ni gbogbo ilé ń dúró dè. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Bí Memory bá kún, Windows yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó lára ẹrù rẹ̀ lọ sórí dísìkì, Disk náà yóò sì ga. Bí méjèèjì bá ga pọ̀, tábìlì ni ó kéré. Bí ó bá jẹ́ Disk nìkan, àpótí ni.

Nínú àwọn tòkunbọ̀ tí ọjọ́ ti pẹ́ lórí wọn, Disk ni ó sábà máa ń jẹ̀bi. Àwo dídán tí ń yí ni ó wà nínú dísìkì àtijọ́, ó sì sábà máa ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Apá tín-ín-rín kan ń lọ, ó ń bọ̀ lórí rẹ̀ láti wá ibi tí ohun tí a ń béèrè wà. Yíyí àti wíwá yìí ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Lójú ènìyàn, èyí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Windows bá ń ṣí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan kéékèèké ni ó ń béèrè, dísìkì bẹ́ẹ̀ kò sì lè dáhùn púpọ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD kò ní ohun kankan tí ń yí nínú; ó lè dáhùn ju 10,000 lọ láàárín àkókò kan náà. Nítorí èyí ni ẹ̀rọ ọdún 2013 tí a fi SSD sí fi máa ń jí lójijì, tí ẹni tí ó ni ín yóò fi bi wọ́n bóyá wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ fún òun. Kò sí owó tí a lè ná sórí ẹ̀rọ ògbólógbòó tí èrè rẹ̀ tó èyí, wáyà SATA tí dísìkì àtijọ́ ń lò náà ni ó sì ń lò.

Lílọ́ra nìkan kọ́ ni dísìkì fi ń ké. Ìró kọ́-kọ́-kọ́, fáìlì kan ṣoṣo tí ó kọ̀ láti ṣí, ẹ̀rọ tí ń dá gbagidi fún ìgbà díẹ̀ tí ó sì tún ń lọ: àmì ikú ni ìwọ̀nyí lè jẹ́. Dísìkì a máa kọ ìtàn ara rẹ̀ pamọ́, ètò ọ̀fẹ́ kan tí ń jẹ́ CrystalDiskInfo sì lè kà á. Níbẹ̀ ni a ti ń rí Reallocated Sectors, ìyẹn iye ibi tí ó ti bàjẹ́ tí dísìkì ti fi òmíràn rọ́pò. Níbẹ̀ náà ni Power On Hours wà, iye wákàtí tí ó ti fi ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí a ti ṣe é. Oníṣòwò lè nu ara ẹ̀rọ títí yóò fi máa dán. Bí ìwé yìí bá kọ 20,000, dísìkì náà ti ṣiṣẹ́ ju ọdún méjì lọ, tọ̀sán-tòru, láìsinmi. Ó dára kí olùrà wo èyí ní ṣọ́ọ̀bù kí ó tó san owó. Iná tí ń lọ lójijì pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀rẹ́ dísìkì, nítorí ó lè ba fáìlì tí a ń kọ lọ́wọ́ jẹ́; UPS tí ó lè gbé ẹ̀rọ ró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré tó láti pa á bí ó ti yẹ.

Bí ó bá jẹ́ RAM, 4GB ti kéré fún ẹni tí ń ṣí Word àti ojúùwé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá pọ̀. 8GB ni ó rọrùn. Kí ẹni tí yóò rà á kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbà, nítorí pé DDR3 kò lè wọ ojú ihò DDR4. Kí ó sì wò ó bóyá Windows rẹ̀ jẹ́ ti 32-bit. Irú Windows bẹ́ẹ̀ kì í lò ju 4GB lọ, bí a tilẹ̀ kó 16GB sínú ẹ̀rọ; owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wọlẹ̀ síbẹ̀.

Ooru ní àmì tirẹ̀: ẹ̀rọ a yá ní òwúrọ̀, a lọ́ra ní ọ̀sán, fáànù rẹ̀ a sì máa hó. Nígbà tí prósẹ́sọ̀ bá gbóná jù, ó máa ń dín ìyára ara rẹ̀ kù kí ó má bàa jóná. Eruku ọyẹ́ ni ó sábà máa ń fà á, nígbà tí ó bá dí ojú irin tí ń tú ooru dànù. Ìpara kan tún wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin yìí, tí ó máa ń gbẹ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Owó kékeré ni a fi ń ra tuntun. Kí a pa ẹ̀rọ, kí a yọ wáyà iná, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a. Aṣọ léèsì tí àwọn kan máa ń fi bo ẹ̀rọ fún ẹwà, kí wọ́n ṣí i kúrò nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́.

Ní ti fáírọ́ọ̀sì, ẹ̀gbọ́n kò purọ́ tán. Fláàṣì tí ń ti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn a máa gbé e kiri, ayédèrú Windows pẹ̀lú. Ó yẹ kí a fi ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì kan yẹ ẹ̀rọ wò, ọ̀kan ṣoṣo, nítorí méjì a máa bá ara wọn jà. Kí a sì wo Startup nínú Task Manager, kí a dá àwọn ètò tí kò pọn dandan dúró kí wọ́n má bàa máa bá Windows jí.

Ohun kan kù tí àtúnṣe kò lè mú kúrò, ìyẹn ọjọ́ orí. Nọ́ńbà prósẹ́sọ̀ ni ó ń sọ ọ́. Nínú i5-4570, 4 tí ó ṣáájú túmọ̀ sí ìran kẹrin, ti ọdún 2013. Windows 11 ń fẹ́ ìran kẹjọ ti Intel, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, tàbí èyí tí ó tẹ̀lé e. Microsoft sì ti fòpin sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí ó ń fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Ẹ̀rọ tí ó bọ́ sáàárín méjèèjì ṣì lè gba Linux Mint, tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, àmọ́ kí ẹni tí ń tẹ iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìtò ojú ìwé tí a ṣe nínú Word lè yí padà díẹ̀ bí a bá fi LibreOffice ṣí i. Ẹ̀rọ Core 2 Duo, tí ó jáde ní 2006, kò yẹ ní ẹni tí ń ra RAM sí mọ́.

Bí ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà yunifásítì bá ti wo Task Manager, ọ̀rọ̀ tí yóò bá ẹ̀gbọ́n sọ yóò yàtọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, Disk ló wà ní 100, Memory ò tíì dé ìdajì. Mo ti da gbogbo fáìlì kọ. Ẹ bá mi mú SSD bọ̀.”