Ìdun Nínú Agbo Ilé: Bí A Ṣe Lè Lé E Láìlo Oògùn Olóró



Ọ̀rọ̀ ìdun wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í fẹ́ sọ síta, nítorí ojú ń tì wọ́n. Wọ́n rò pé ọ̀bùn nìkan ni ìdun ń bá gbé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni ìdun ń mu, kì í jẹ ìdọ̀tí, ó sì lè wọ ilé tí wọ́n ń gbá láàárọ̀ lálẹ́. Ẹrù tó kún yàrá kàn ń fún un níbi tó lè sá pamọ́ sí ni. Ìtìjú yìí ló ń mú kí kálukú ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kó máa dá jà.

Ládùúgbò wa, láti Oríta-mẹ́rin dé Ọjà'ba, Màpó, Bẹ́ẹ̀rẹ̀ àti Bẹyẹrunka, inú agbo ilé ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé. Yàrá kọjú sí yàrá, ògiri kan náà la jọ ń lò. Ìdun kò ní ìyẹ́, kò sì lè fò, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n rìn. Bí ẹ bá lé e ní yàrá kan, yóò gba ojú ògiri tó là bọ́ sí yàrá kejì, tó bá yá, a tún padà. Nítorí náà, gbogbo agbo ilé ló ni ìjà yìí.

Ewu tó wà nínú oògùn

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sáré rà ni ọ̀tá-pia-pia àti oògùn tí wọ́n fi DDVP ṣe. Oògùn oko ni DDVP, kì í ṣe oògùn yàrá. Bó ṣe ń ṣe kòkòrò náà ló ń ṣe ènìyàn: èébì, òógùn, ojú tó ń ṣú, èémí tí kò já gaara. Ọmọ tó ń sùn lórí fóòmù tí wọ́n fọ́n ọn sí ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kékeré 100ml rẹ̀, nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣì í lò nínú ilé.

Ẹ ṣọ́ra fún kánfọ̀ funfun tí a ń kó sáàárín aṣọ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, irú wọn kò sì ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. Bí wọ́n bá fi aṣọ tó ti bá kánfọ̀ gbé wé irú ọmọ ìkókó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí ibà pọ́njú sì dá a wólẹ̀, èyí tó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́.

Síbẹ̀, oògùn wọ̀nyí kì í sábà yanjú ọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1947 ni wọ́n ti rí ìdun ní Hawaii tí DDT kò pa mọ́. Lónìí, ìdun tí oògùn ẹ̀fọn inú agolo kò ràn ti wà káàkiri ayé.

Bí ìdun ṣe ń gbé ayé rẹ̀

Ìdun tó dàgbà kò ju mílímítà 5 sí 7 lọ. Ó pẹlẹbẹ, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Abo kan lè yé ju ẹyin 200 lọ. Nínú ooru wa, ẹyin ń pa láàárín ọjọ́ 6 sí 10. Ọmọ rẹ̀ yóò bọ́ awọ lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó dàgbà, yóò sì mu ẹ̀jẹ̀ kó tó bọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó lè wà fún oṣù mélòó kan láìjẹun, nítorí náà, kíkó kúrò nínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ kan kò ní pa á. A kò tíì rí i pé ó ń kó àrùn ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń jí oorun gbé, ara a máa yún, ọmọ a sì máa tòògbé ní ilé-kéú.

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo ojú rírán fóòmù, oríkèé bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Àmì dúdú tóótòòtó, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ àti awọ tó bọ́ ni ẹ̀rí pé ó wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí a óò jọ ṣe

Kí gbogbo agbo ilé mú ọjọ́ kan náà, kí ó jẹ́ ọjọ́ tí oòrùn mú.

Ẹ di aṣọ àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì sínú ọ̀rá láti inú yàrá, kí ìdun má baà já sílẹ̀ lọ́nà. Ẹ fi omi tó gbóná dáadáa fọ̀ wọ́n. Èyí tí kò ṣeé fọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kó o díẹ̀díẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, ẹ dì í pa, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ǹtì nínú oòrùn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ooru tó bá tó 50°C, tó sì dé àárín ẹrù náà, ń pa ìdun àti ẹyin rẹ̀.

Oòrùn kì í wọnú fóòmù dáadáa, ìdun a sì sá sí apá tó tutù. Nítorí náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ojú rírán rẹ̀ sínú ọpọ́n omi ọṣẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀rá tó nípọn tí kò lu rán bo fóòmù náà pátá. Bẹ́ẹ̀dì onípákó, ẹ tú u, kí ẹ da omi híhó sí àwọn oríkèé rẹ̀, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà síbẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdun. Ẹ fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ibi tó là.

Ẹ sún bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, kí aṣọ rẹ̀ má kan ilẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ike tó ní omi ọṣẹ. Ike gbígbẹ kò tó, nítorí irú ìdun tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ olóoru lè gun ohun tó ń dán.

Ẹ tún iṣẹ́ yìí ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, nítorí àwọn ẹyin tó ṣì ń pa. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Kí ó má baà padà

Ẹ yẹ bẹ́ẹ̀dì àti àga àlòkù wò dáadáa kí ẹ tó gbé e wọlé. Ẹrù ọmọ tó ti ilé ìwé tàbí ìrìn-àjò dé, ẹ tú u síta ná. Kí a máa sá ẹní mọ́sálásí àti ti ilé-kéú sóòrùn.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti pa á láṣẹ nínú hadīth tí Bukhārī àti Muslim gbà wá pé kí ẹni tó fẹ́ sùn kọ́kọ́ gbọn ibùsùn rẹ̀, nítorí kò mọ ohun tó ti débẹ̀ lẹ́yìn òun. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa fi sunnah yìí kọ́ra, kí wọ́n máa wo ojú rírán fóòmù bí wọ́n bá ti ń gbọn ọ́n.

Aládùúgbò tó bá ní ìdun ti wọ yàrá òun, ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ẹ bá a gbé fóòmù síta. Ẹni tó tètè sọ ló gba agbo ilé yòókù là.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní oorun àsùnjí àti àlàáfíà nínú ilé wa. Àmín.