Omi Ni À Ń Rù, Kì í Ṣe Igi

Ìyá mi àgbà kì í jẹ́ kí a ru igi lọ́jọ́ tí a bá gé e. Oko wọn ní Òkè-Ògùn jìnnà sílé, àwọn tó ń sun èédú sì pọ̀ lágbègbè náà débi pé igi tí o fi sílẹ̀ lónìí, o lè má bá a lọ́la. Síbẹ̀, bí a bá ti gé e tán, wọn á ní ká là á, ká gbé e ró ti ara igi ńlá kan, ká máa lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Àwa ọmọdé rò pé àánú wa ló ń ṣe wọ́n. Ìgbà tí mo dàgbà, tí mo gbé ẹ̀là igi tútù kan sórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja, tí mo tún gbé e síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ni mo tó mọ̀ pé ìṣirò ni, kì í ṣe àánú.

Ìṣirò náà kò le. Nínú igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lulẹ̀, omi lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Ẹrù igi tútù tó jẹ́ kílò 30 lè ní kílò 15 omi nínú. Bí a bá fi í sílẹ̀ títí omi náà fi dín kù sí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, ẹrù kan náà kò ní tó kílò 19 mọ́. Kílò 11 ti bá afẹ́fẹ́ lọ láìsí ẹni tó la àágùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó omi inú ìgò lítà kan àbọ̀ méje àti díẹ̀. Ohun tí yóò jó nínú igi náà kò sì dín rárá. Ẹni tó bá ru igi tútù wálé pọn omi láti oko ni, omi tí kò ṣeé mu, tí kò ṣeé fi wẹ̀.

Ìyà náà kò sì parí sójú ọ̀nà. Bí a bá ki igi tútù sábẹ́ ìkòkò, iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé omi inú igi jáde kó tó ráyè gbọ́ ti ọbẹ̀. Èéfín á bo ilé, ojú á máa ta, aládùúgbò á máa hú ikọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ inú ilé, èyí tó ń wá láti ara igi, èédú, kẹrosíìnì àti irú wọn tí a fi ń dáná, pa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní ọdún 2020. Igi gbígbẹ náà ń rú èéfín o, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti tútù. Ìjọba ilẹ̀ England tilẹ̀ sọ ọ́ dòfin láti ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 2021: ẹni tó bá ń ta igi ìdáná díẹ̀díẹ̀, èyí tí kò tó kúbíìkì mítà 2, omi inú igi rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Ìdá kan nínú márùn-ún tí mo fi ṣírò lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Ìyá àgbà kò dé England rí.

Nítorí náà, ibi tí igi ṣubú sí ni iṣẹ́ ìfúyẹ́ ẹrù ti bẹ̀rẹ̀. Èèpo ni aṣọ òjò igi: bó ti ń lé òjò sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ló ń há omi mọ́nú. Ojú tí a fi àáké là àti ẹnu tí a fi ayùn gé ni omi ń gbà jáde. Ẹ gé e kúrú, kó má ju igúnwọ́ sí orí ìka lọ, kí ẹ sì là á sí mẹ́rin bó bá nípọn ju itan lọ. Ẹ lè ṣí òkìtì náà sílẹ̀ lóko fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ọkàn yín bá balẹ̀ sí àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ gbé e wá sílé, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé omi lẹ gbé. Ìtì tí apá kò ká ńkọ́? Ẹ má gbé e. Ẹ fi ọ̀pá líle wọ̀ ọ́ nídìí, kí ẹ ká a sókè díẹ̀, kí ẹlòmíràn ti igi róbótó méjì mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá máa yí i lọ lórí wọn. Èyí tó bá jáde lẹ́yìn ni kí ẹ tún gbé síwájú.

Ní ti ẹrù rírù lórí, a kì í kọ́ ọmọ Yorùbá ní òṣùká. Ṣùgbọ́n ìròyìn kan wà tó dùn mọ́ mi. Ní 1986, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lórí àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà. Wọ́n rí i pé àwọn obìnrin náà lè ru ẹrù tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn láìlo agbára ju ti ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo. Obìnrin tó wọn kílò 60 á ru kílò 12 bí ẹni pé kò ru nǹkan. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà láàárín àwọn obìnrin Xhosa ní South Africa kò rí irú ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì rí i pé ọrùn ń dun àwọn tó ń ru ẹrù lórí. Ohun yòówù kó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, ẹrù igi wa kì í ṣe kílò 12. Ẹ wo ọrùn àwọn màmá tó ń ti oko bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Bárò ló rọrùn jù láàárín ọgbà, kìkì pé púpọ̀ nínú wa kò mọ bí a ṣe ń di ẹrù sínú rẹ̀. Ẹ máa rí i tí ọmọkùnrin kan yóò kó igi jọ sí ẹ̀yìn, lẹ́bàá ọwọ́ bárò, á wá máa gbọ̀n bó ṣe ń tì í lọ. Iwájú ni kó kó o sí, kí ìwọ̀n rẹ̀ wà lórí táyà. Bí ẹrù bá ti sún mọ́ táyà tó, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ yóò ṣe fúyẹ́ tó. Kí ẹ sì fẹ́ táyà náà dáadáa; táyà tó ti jò a máa wọ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹsẹ̀ màlúù nínú ẹrọ̀fọ̀. Ọmọlanke dára fún ọ̀nà jíjìn torí ẹsẹ̀ méjì ló ní, kì í ṣubú sápá kan. Fún ìrìn kékeré láti ibi ìkógisí dé ẹnu ilé ìdáná, àpò ìrẹsì tó ti ṣófo ti tó. Ẹ là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kó di aṣọ gbọọrọ kan, kí ẹ rán igi pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan mọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì fún ìdìmú. Ẹ to igi sáàárín, ẹ pa igi ìdìmú méjèèjì pọ̀, ó di báàgì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé e, aṣọ rẹ̀ kò sì ní fà ya.

Wàyí o, ibi ìkógisí. Mo ń pè é ní àká igi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àká àgbàdo ni àwọn àgbà mọ̀. Ọ̀nà kan náà ni: ohun tí a bá fẹ́ kó gbẹ, ẹ jẹ́ kó kúrò nílẹ̀, kí òrùlé wà lórí rẹ̀, kí atẹ́gùn ráyè gba àárín rẹ̀. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lọ̀pọ̀ ènìyàn ń yí dànù. Wọ́n á da igi sílẹ̀ gbàràdà, wọ́n á wá fi tapólìn wé gbogbo ara rẹ̀ bí òkú. Òjò kò ní wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru ilẹ̀ àti omi inú igi kò ní ríbi gbà jáde, lẹ́yìn oṣù kan, olú ti hù.

Búlọ́ọ̀kù mẹ́fà ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tò wọ́n sí ẹsẹ̀ méjì, kí ẹ na igi gígùn mẹ́ta lé wọn lórí, kí igi ìdáná yín lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò nílẹ̀. Òpó mẹ́rin ni yóò gbé páànù àlòkù dúró, méjì iwájú ga ju méjì ẹ̀yìn lọ kí omi lè ṣàn dànù. Ẹ má ri òpó náà mọ́lẹ̀ bí ẹ bá lè gbé e lé òkúta, torí ikán. Ẹ má sì fi ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò kun ohunkóhun tí ẹ mọ̀ pé yóò padà wọ ààrò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò nílò ògiri. Bó bá jẹ́ pé ara ilé lẹ fẹ́ tò ó tì, ẹ fi àyè tó gba ọwọ́ sílẹ̀ láàárín. Èmi ò fẹ́ ẹ lára ilé rárá, torí ọ̀nà ikán sí igi àjà nìyẹn. Sílíńdà gáàsì, jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ bá a gbé.

Ẹ wo ojú ọjọ́ kí ẹ tó pinnu ibi tí òrùlé yóò gùn sí. Ìjì tó ń ṣáájú òjò ní oṣù Igbe àti ní Ọ̀wàrà, ìhà ìlà-oòrùn ló ti ń wá jù, ó sì ń gbá omi wọlé. Ògiri ilé yín gan-an á sọ fún yín: ìhà tí ẹrẹ̀ ti ta sí i jù ni kí ẹ kọ ẹ̀yìn àká sí.

Bí a bá ń to igi, ìpẹ̀kun méjèèjì ni kí a to ní ìdábùú, ìlà kan lọ, ìlà kan bọ̀, kí wọ́n dúró bí òpó, kí a tó fi ìyókù dí àárín. Kó má ga ju àyà lọ. Igi wọ́rọ́kọ́ tí í da iná rú, òun náà ló ń da àká rú. Ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ dáná sun ún. Ẹ kó igi tuntun sápá kan, kí ẹ máa mú èyí tó pẹ́ jù láti apá kejì. Èyí dà bí ohun kékeré, àmọ́ òun ni aláṣè àti àwọn tó ń yan gààrí fi ń mọ̀ bóyá igi ọ̀la ti ṣetán.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ yẹ ẹsẹ̀ búlọ́ọ̀kù wò. Bí ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gùn ún lọ sókè, ikán ti ń bọ̀. Ẹ gbá a dànù. Ìyẹ̀fun funfun lábẹ́ igi túmọ̀ sí pé kòkòrò ti wà nínú rẹ̀, ẹ tètè fi dáná. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ àárín igi láìkọ́kọ́ fi ọ̀pá rò ó. Àkeekèé fẹ́ràn ibẹ̀. Paramọ́lẹ̀ ní tirẹ̀ kì í sá fún èèyàn, àwọ̀ rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Oṣù Bélú, nígbà tí òjò ń káṣẹ̀ nílẹ̀, ló dára jù láti gé igi kí a sì là á. Ọyẹ́ tó ń ti aginjù Sàhárà fẹ́ wá ní Ọ̀pẹ̀ àti Ṣẹ́rẹ́ yóò mú un gbẹ láìgbowó. Tí ó bá di Ẹrẹ́nà, ẹ lu ẹ̀là méjì pọ̀. Bó bá dún kọ́n, ó ti gbẹ. Bó bá dún gbì, ẹ dá a padà. Ẹnu rẹ̀ á ti sán, èèpo á ti máa ṣí. Ẹ̀ẹ̀rùn kékeré inú oṣù Ògún kò pẹ́ tó láti mú igi tuntun gbẹ, àmọ́ ó tó láti ṣí àká, kí a tún un tò.

Àárín Òkúdù ló nira, tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tutù. Ilé ìdáná àtijọ́ ní àjà lókè ààrò, níbi tí igi, àgbàdo àti ẹ̀gúsí jọ ń yáná. Kíṣìnnì òde òní kò ní in. Igi tí ẹ ó lò lọ́la ni kí ẹ gbé jókòó ti ààrò tòní, bí ìwọ̀n apá kan sí i, kí ẹ sì gbé e kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó lọ sùn.