KẸ́MÒ TÍ A BÁ DÁ DÚRÓ LÁÀÁRÍN Ọ̀NÀ

Ìyálọ́jà wa, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àbúrò mi gbogbo ní Ìwó Road, 

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú ni mo mú wá lónìí, pàápàá abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní kẹ́mò. Ẹlòmíràn á gba ẹ̀ẹ̀mejì, á rí i pé kókó náà ti ń kéré, á ní, "Owó ti tán, ẹ jẹ́ n sinmi ná." Ẹ jọ̀ọ́, ìsinmi yẹn léwu.

Dókítà kan wà ní Milan, lórílẹ̀-èdè Ítálì, Gianni Bonadonna lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1976, ó gbé ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 386 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí jẹjẹrẹ wọn ti ràn dé abẹ́ abíyá. Àwọn 207 gba kẹ́mò, 179 kò gbà á. Lẹ́yìn oṣù 27, àìsàn náà ti padà sára 24 nínú 100 àwọn tí kò gbà á. Nínú àwọn tó gbà á, bíi 5 péré ni nínú 100.

Èyí tó kan àwa ọlọ́jà gan-an ni èyí tó jáde lọ́dún 1981. Ó wo iye oògùn tí oníkálukú gbà, ó sì wo bí ara wọn ṣe rí lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Àwọn tó gbà á pé, tàbí tó kù díẹ̀ kó pé, 77 nínú 100 ni àìsàn ò padà sí lára. Àwọn tí ohun tí wọ́n gbà kò tó 65 nínú 100, 48 ni. Àwọn tí kò gbà á rárá, 45 ni. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó gba díẹ̀ àti ẹni tí kò gbà rárá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgba. Ó ti náwó, irun rẹ̀ ti re, ó ti bì, kò sì rí èrè ibẹ̀. Ta ni nínú wa tó máa san ìdajì owó ọjà, tó máa wá fi ẹrù sílẹ̀ lọ?

Ìdí rẹ̀ rèé. Kẹ́mò ò lè pa gbogbo jẹjẹrẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń pa díẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí ara sinmi, bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ̀jẹ̀ lè padà bọ̀ sípò, kí wọ́n tó tún fún èèyàn ní òmíràn. Tí o bá dá a dúró, èyí tó kù á tún hù, bíi koríko tí a ò tu gbòǹgbò rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ọmọ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kọ́ṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó ń ṣiṣẹ́ ní Chicago, wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2009, lórí obìnrin 507 ní Nàìjíríà àti Senegal. Bíi ọdún 45 ni ọjọ́ orí wọn ní ìpíndọ́gba. Àwọn 27 nínú 100 ló ní oríṣi kan tí oògùn oníhóró tó ń dá họ́mónù dúró kò ràn. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, kẹ́mò ni igi lẹ́yìn ọgbà. Nítorí náà, ẹ ní kí dókítà yẹ kókó náà wò, kó sọ irú èyí tó jẹ́.

Láti ọ̀dọ̀ wa dé UCH kò jìnnà, ẹ gba Gate, ẹ gba Total Garden. Kí ẹ tó gba àkọ́kọ́, ẹ béèrè: mélòó ni gbogbo rẹ̀, èló ni? Tí ara bá gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ padà lọ, ẹ má dúró dọ̀la. Tí ara ò bá gbà á mọ́, ẹ sọ fún dókítà. Òun ló lè sún un síwájú, ẹ má fúnra yín dá a dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín, tí àìsàn yìí bá mú ẹnìkan, ẹ bá a dúró ti ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin olórí àjọ, ẹ jẹ́ kó kó tirẹ̀ ṣáájú. Owó abẹ́rẹ́ kan tí kò sí ló máa ń ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Ọmú tí a fi tọ́ ọmọ ò ní di ọ̀tá wa o. Àmín.

Èmi ni, akọ̀wé yín.