Ṣé Ìnàkí Ń Ṣorò?

Ṣé o mọ̀ pé àwọn igi kan wà ní Guinea-Bissau tí ìnàkí máa ń sọ òkúta lù, títí òkúta á fi di òkìtì nídìí wọn? Oúnjẹ kọ́ ni wọ́n ń wá. Akọ ìnàkí (akọ ló pọ̀ jù nídìí ọ̀rọ̀ náà) á gbé òkúta, á ké, á sọ ọ́ lu igi, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2016 bá irú rẹ̀ ní Gínì, Làìbéríà àti Ivory Coast. Àwọn kan fẹ́ pè é ní orò. Lójú tèmi, ìró igi yẹn ló ń dùn mọ́ àwọn ìnàkí náà.

Ìlù ńkọ́? Wọ́n ń lù ú! Gbòǹgbò igi ńlá tó nà sókè bí ògiri ni ìlù, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni kọ̀ǹgọ́. Ìwádìí ọdún 2025 fi hàn pé àlàfo tó wà láàárín ìró kan sí èkejì máa ń dọ́gba lọ́dọ̀ àwọn ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn ti Ìlà-oòrùn ń pa kúkúrú pọ̀ mọ́ gígùn. Ọmọ Àyàn á ti gbọ́ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ dé.

Òjò náà ń mú wọn jó. Jane Goodall, onímọ̀ nípa ìnàkí tó dé Gombe ní Tanzania lọ́dún 1960, rí àwọn akọ tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ òkè nínú ààrá, tí wọ́n ń ya ẹ̀ka igi.

Ní Chimfunshi, ní Zambia, abo kan tó ń jẹ́ Julie ki koríko bọ etí, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ki tiwọn. Julie kú, àwọn kan ò jáwọ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Lọ́dún 2005, àwọn onímọ̀ méjì, Victoria Horner àti Andrew Whiten, fi bí wọ́n ṣe ń mú nǹkan jáde nínú àpótí han ìnàkí àtàwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun tí kò wúlò kún un: wọ́n ń ti igi bọ ihò òkè. Nígbà tó jẹ́ àpótí tójú ò ríran inú rẹ̀ ni, ìnàkí àtọmọdé ló ṣe gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé èyí tójú ríran inú rẹ̀ dé, ìnàkí fo ihò òkè, ó mú oúnjẹ rẹ̀. Ọmọ ènìyàn rí i kedere pé kò wúlò, ó ṣì ṣe é bí àgbà ti ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé orò ti bẹ̀rẹ̀.

Orò ọmọ ènìyàn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé ní San Pedro Manrique, ní Spéènì, àwọn ènìyàn máa ń pọn ẹlòmíì, tí wọ́n á fẹsẹ̀ lásán rìn lórí ẹyin iná lóṣù Okúdù? Àwọn onímọ̀ yẹ bí ọkàn wọn ṣe ń lù kì wò. Ọkàn ẹni tó ń tẹ iná àti ti ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó ń gòkè, ń sọ̀ pọ̀. Ti àlejò tó wá wòran ò bá a mu.