Ìrántí Ìjọba àti Ìrántí Ilé

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún, ìjọba Nàìjíríà a máa tú ẹyẹlé sílẹ̀, wọn a yìnbọn ẹ̀yẹ, wọn a sì gbé òdòdó síbi ibojì ọmọ ogun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí. Lẹ́yìn tí Bìáfírà túúbá ní 1970 ni wọ́n yí i padà. Ó dára bẹ́ẹ̀: ìlú tí kò ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fáwọn tó kú nítorí rẹ̀, abaraámóorejẹ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàn Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Ẹmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ló wọṣẹ́ ológun ní 1942, nígbà Ogun Hítílà. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn Jàpáànù ká òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, ó bà á níkùn. Kò lè rìn. Mùsùlùmí ará abúlé kan, Shuyiman, ló ń gbé oúnjẹ lọ fún òun àti David Kagbo, ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Sàró, nínú igbó, kó tó wá fi wọ́n pamọ́ sínú ilé ara rẹ̀ títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé. Ká ní àṣírí tú, tìyàwó tọmọ ni ì bá bá a lọ. Ilé méjì ni ogun yẹn bu owó orí lé, ọ̀kan ní Ẹmùrè, ọ̀kan ní Bọ́mà.

Èwo nínú èyí ni òdòdó lè sọ? Fádóyèbọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ níwèé ní 1999. Ìwé náà ló mú kí oníròyìn Barnaby Phillips wá a kàn, tó sì bá a mú lẹ́tà lọ fún ìdílé Shuyiman ní 2011. Ní 2012, baba Fádóyèbọ̀ kú.

Ìrántí ìjọba náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ o. Ní Taukkyan, nítòsí Yangon ní Bọ́mà, orúkọ tó lé ní 26,000 ló wà lára òpó, ti àwọn ọmọ ogun tó kú tí kò ní sàréè. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò bí ọmọ tí yóò pe orúkọ wọn.

Síbẹ̀, ìrántí ti ilé ló tẹ̀wọ̀n jù lójú tèmi. Ẹni tó gbébọn nìkan nìjọba ń kà. Ta ni yóò ka ìyá tó ń ṣọ́nà dè é? Bí bàbá bàbá yín bá lọ sí Bọ́mà, ẹ wá ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ níṣẹ́ ológun, ẹ lọ bi àwọn àgbà tó kù léèrè, kí ẹ sì kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò rẹ̀.