Fíìmù sáyẹ́ǹsì tí ẹ ti ń sún síwájú: ìdí tó fi yẹ kí ẹ wò wọ́n nísinsìnyí

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní orúkọ fíìmù sáyẹ́ǹsì mélòó kan lọ́kàn, tí a ti ń sọ tipẹ́ pé a máa wò. Ẹnìkan ló dárúkọ rẹ̀ fún wa, a ní ó dáa, ó di ìparí ọ̀sẹ̀, ọdún sì ń gorí ọdún. Lójú tèmi, ẹni tó pẹ́ kó tó wò ó kò pàdánù ohunkóhun. Fíìmù tó ń sọ nípa ohun tí sáyẹ́ǹsì lè ṣe lọ́la máa ń ládùn sí i nígbà tí ọ̀la náà bá ti dé, torí òǹwòran ti wá mọ èyí tó ṣẹ àti èyí tí kò ṣẹ. Àwọn tó tò sẹ́nu ọ̀nà sinimá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde kò ní irú àǹfààní yẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Berlin. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1929, Fritz Lang gbé Frau im Mond jáde níbẹ̀, ìtàn àwọn tó rìnrìn àjò lọ sínú òṣùpá. Thea von Harbou, ìyàwó rẹ̀, ló kọ ìtàn náà. Fíìmù aláìlóhùn ni. Lang pe Hermann Oberth, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìṣirò hàn pé rọ́kẹ́ẹ̀tì lè gbé ènìyàn kúrò láyé, pé kó wá tọ́ òun sọ́nà. Ìdí nìyẹn tí rọ́kẹ́ẹ̀tì inú fíìmù náà fi ní ìpele-ìpele, tó ń já èyí tó ti jó epo rẹ̀ tán sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn arìnrìn-àjò dùbúlẹ̀ gbalaja kí agbára ìgbéra má bàa ṣe wọ́n léṣe, wọ́n sì ń ki ẹsẹ̀ bọ okùn tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ kí wọ́n má bàa léfòó. Kí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà tó gbéra, wọ́n ka iye ìṣẹ́jú àáyá sẹ́yìn títí dé òdo. Lang fi èyí sí i kí ọkàn òǹwòran lè máa lù kì-kì-kì. Nígbà tí Apollo 11 máa gbéra lọ sí òṣùpá ní oṣù Keje ọdún 1969, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe kà á.

Fíìmù náà ṣi ibì kan ṣe: àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń mí fàlàlà lórí òṣùpá láìde akoto, bẹ́ẹ̀ kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Ohun mìíràn wà tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Wernher von Braun, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti bá Oberth ṣiṣẹ́ rí, ló ṣe aṣáájú àwọn tó kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì V-2 fún ìjọba Hitler, èyí tí wọ́n jù lu Lọ́ńdọ̀nù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lára V-2 tó kọ́kọ́ fò dáadáa ní ọdún 1942, àwòrán Frau im Mond ni wọ́n kùn sí i. Ọkùnrin yìí kan náà ló tún wá ṣe olórí iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé àwọn ará Amẹ́ríkà dé òṣùpá.

2001: A Space Odyssey ti Stanley Kubrick gba sùúrù, torí ó falẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu sì kéré nínú rẹ̀. Ó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1968, oṣù mẹ́jọ kí àwọn ènìyàn tó kọ́kọ́ yí òṣùpá po nínú Apollo 8. Kò sí ariwo nínú òfurufú rẹ̀, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Nínú ọkọ̀ rẹ̀, yàrá roboto ńlá kan ń yí láìdúró kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bí ẹni wà láyé. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó kọ́ irú rẹ̀ fún ènìyàn láti gbé lókè. Àwọn tó wà ní ibùdó òfurufú àgbáyé ń léfòó ni, egungun wọn ń fúyẹ́ sí i lóṣooṣù, wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá bíi wákàtí méjì lójúmọ́ kó má bàa bàjẹ́ jù.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni Contact àti Interstellar, torí ọkùnrin kan náà ló wà nídìí méjèèjì: Kip Thorne, onímọ̀ físíìsì ní Caltech ní California. Ní 1985, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Carl Sagan ń kọ ìwé ìtàn Contact lọ́wọ́. Sagan fẹ́ kí obìnrin inú ìtàn náà gba inú ihò dúdú (black hole) kọjá dé ẹ̀bá ìràwọ̀ Vega, ó sì bẹ Thorne kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Thorne ṣírò ó, ó ní kò lè ṣeé ṣe, ẹni tó bá kó sí ihò dúdú kò ní jáde. Ó dábàá ihò mìíràn, èyí tí à bá pè ní ihò àbùjá, tó so ibi méjì tó jìnnà síra lójú ọ̀run pọ̀. Kí irú ihò bẹ́ẹ̀ má bàa pa dé mọ́ arìnrìn-àjò, ohun kan tí agbára rẹ̀ kéré sí òdo gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ tí yóò máa tì í sẹ́yìn. Ìbéèrè òǹkọ̀wé ìtàn yìí ló sún Thorne àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Michael Morris, débi tí wọ́n fi kọ àpilẹ̀kọ ìmọ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1988. Sagan kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1996. Fíìmù Contact jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Christopher Nolan ń ṣe Interstellar, kò sí ẹni tó tíì rí àwòrán ihò dúdú rí. Thorne kọ ìṣirò tó bá ìmọ̀ Einstein mu fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Double Negative ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn yẹn sì sọ ọ́ di ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ ipa ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ níbi tí òòfà ti ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn àwòrán kan wà tó jẹ́ pé ẹyọ kan gba kọ̀ǹpútà ní nǹkan bí wákàtí 100. Fíìmù náà jáde ní 2014. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2019, àwọn onímọ̀ tó so awò rédíò káàkiri ayé pọ̀, tí wọ́n ń jẹ́ Event Horizon Telescope, gbé àwòrán ihò dúdú àkọ́kọ́ jáde. Inú ìdìpọ̀ ìràwọ̀ M87 ló wà, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ sì gbà tó ọdún mílíọ̀nù 55 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òrùka iná tó yí òkùnkùn ká ni gbogbo ayé rí.

Ẹ fi àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó rí ìyàtọ̀ kan. Nínú ti 2019, apá kan òrùka náà mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ, torí ohun tó ń sáré bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa máa ń mọ́lẹ̀ sí i. Nínú ti fíìmù, ọ̀tún àti òsì mọ́lẹ̀ bákan náà. Thorne àti àwọn ará Double Negative mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ti ṣírò rẹ̀. Nolan ló ní kí wọ́n yọ ọ́, kó má bàa dàrú mọ́ òǹwòran lójú. Ó dùn mí pé ó yọ ọ́. Òǹwòran ì bá ti mọ́jú mọ́ ọn.

Nínú fíìmù kan náà, wákàtí kan lórí ayé olómi tó sún mọ́ ihò dúdú jẹ́ ọdún méje láyé wa, bàbá kan sì padà dé bá iṣẹ́ ọdún 23 tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti rán sí i. Àkókò máa ń falẹ̀ lóòótọ́ níbi tí òòfà bá ti le. Aago inú sátẹ́láìtì GPS, tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 20,200 lókè, fi nǹkan bí ìdá 38 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan yá ju tilẹ̀ lọ lójoojúmọ́. Bí wọn kò bá tún un ṣe, láàárín ọjọ́ kan, máàpù orí fóònù yóò fi nǹkan bí kìlómítà 10 ṣìnà.

Pumzi ti Wanuri Kahiu, ará Kenya, kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó jáde ní 2009. Nínú rẹ̀, ogun omi ti ba ayé jẹ́, oníkálùkù sì ń sẹ́ òógùn àti ìtọ̀ ara rẹ̀ mu. Kì í ṣe àlá lásán: ní 2018, díẹ̀ ló kù kí omi ẹ̀rọ gbẹ ní Cape Town.

Gattaca ti Andrew Niccol, tó jáde ní 1997, ló sún mọ́ ilé wa jù. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bí Vincent, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ yóò dà á, kò sì ní fi púpọ̀ ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Àwọn òbí rẹ̀ wá ṣẹ̀ṣà ọmọ kejì láàárín àwọn ọlẹ̀ tí wọ́n ṣe ní yàrá àyẹ̀wò. Nígbà tí fíìmù náà jáde, wọn kò tíì parí kíka àbùdá ènìyàn. 2003 ni wọ́n kéde pé ó ti parí. Ní 2018, He Jiankui ní Ṣáínà sọ pé òun ti tún àbùdá àwọn ìbejì kan ṣe kí wọ́n tó bí wọn, ilé ẹjọ́ sì fi í sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí ti wọlé tipẹ́. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so tọkọtaya pọ̀ láì rí ìwé jẹ́nótáìpù wọn, ìfẹ́ tó ti dàgbà sì ń tú ká nítorí pé AS pàdé AS. Àwọn ilé ìwòsàn tó ń ṣe IVF ti lè yẹ ọlẹ̀ wò, kí wọ́n yan èyí tí kì í ṣe SS. Mi ò fi èyí wé ayé Gattaca: gbígba ọmọ lọ́wọ́ ìrora àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde yàtọ̀ gédégédé sí yíyan ọmọ gíga tàbí arẹwà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà ló ń ṣe méjèèjì, ẹni tí yóò sì sọ pé ibi báyìí ni ká dúró ni Niccol ń wá.

Ohun kan wà tí fíìmù náà kò rí: owó. Ìdílé Vincent kì í ṣe olówó ńlá, síbẹ̀ wọ́n rówó yan ọmọ kejì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Bìrìtìkó fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú tó ń tún àbùdá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ṣe. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n dá lé orí aláìsàn kan ní Amẹ́ríkà. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àìsàn náà jù lọ láyé.